Òṣìṣẹ́ Tí Kò Gba Owó Oṣù

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àǹfààní àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru àti àwọn tó wà lójú títì lọ́jọ́ náà.)

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè rí àwọn tí yóò fi tinútinú ṣiṣẹ́ nínú ìjọ, àti bí a ṣe lè mú kí wọ́n dúró ti iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wo ara wọn lójú pé, "Kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì?" Ó kàn wá púpọ̀. Ẹ wo ara yín nínú yàrá yìí. Ta ni ń lu ìlù ní ìjọ yín? Ta ni ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi? Ta ni ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Sátidé, tó sì ń tan jẹnẹrétọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú? Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni, awakọ̀ ni, mẹkáníìkì ni, ìyá tó ń rán aṣọ ni. Àwa náà ni. Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí, ẹ má tíì dìde o. Asalátù yín náà ní àwọn tó ń tẹ́ ẹní, tó ń pọn omi àlùwàlá, tó ń gba owó ẹgbẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ "ìjọ" lẹ́nu mi, ẹ fi tiyín sí i.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé, n ó sì tètè sọ ọ́ kí oorun tó gbé àwọn tó ti iṣẹ́ òru dé: ẹni tí a kò sanwó fún, ìwà aṣáájú rẹ̀ ni owó oṣù rẹ̀. Bí ìwà náà bá dára, ó ti gba owó rẹ̀ pé. Bí kò bá dára, a jẹ ẹ́ lówó nìyẹn, kò sì sí òṣìṣẹ́ tí a jẹ lówó títí tí kò ní wá ọ̀nà lọ.

Ní ilé-iṣẹ́, ọ̀gá lè fún ọ ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ. Ó lè gé owó ọjọ́ kan kúrò nínú owó oṣù rẹ. Ó lè ní kí o lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. O ó kùn, ṣùgbọ́n o ó padà wá, nítorí owó ilé-ìwé ọmọ wà nílẹ̀. Nínú ìjọ, kò sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tó bá ní òun kò ṣe mọ́, o kò lè dá owó rẹ̀ dúró, nítorí o kò fún un ní kọ́bọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, ojú tí o fi ń wò ó, bí o ṣe ń pín iṣẹ́, bí o ṣe ń ṣírò owó, àwọn nìkan ló kù fún ọ láti fi dá a dúró.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń LỌ

Bí ènìyàn bá fi iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé ìfẹ́ Ọlọ́run ti tutù lọ́kàn rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwa tí a jẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀ pé bí ogún ènìyàn bá fi ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láàrin ọdún kan, kì í ṣe àwọn ogún náà nìkan là ń bi léèrè. À ń bi ọ̀gá ibẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú awakọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó gbé èrò lọ sí Benin, ọ̀nà bàjẹ́, dípò kó wọ Èkó ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́ ló tó wọlé. Kò lọ sílé, kò jẹun, ibi ìdánrawò orin ló gbà lọ tààrà. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọ̀gá akọrin dá orin dúró, ó ní, "Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ó yá, owó ìtanràn rẹ dà?" Níwájú àwọn ọmọ tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ. Ó san án. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kò wá. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí ìkórè wá kù fẹ́ẹ́fẹ̀ẹ́, wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé kó wá san owó ẹgbẹ́ oṣù mẹ́ta tó jẹ. Ẹ sọ fún mi, nínú ọ̀gá akọrin àti awakọ̀, ta ló fi iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀?

N kò bá ìjọ kankan wí o. Àpẹẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín, ó jọ pé ẹ ti pàdé awakọ̀ náà rí.

Ìdí kejì ni owó. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, gbogbo wa la mọ ohun tí owó ọkọ̀ ti dà. Ní July 2024, òfin fi owó oṣù tó kéré jù lọ sí ₦70,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, tí a sì ní kó wá ní ọjọ́rú fún ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọjọ́ Ẹtì fún ìdánrawò, Sátidé fún ìmọ́tótó, ọjọ́ Àìkú fún ìsìn, ìgbà mẹ́rin ló ń wọkọ̀ lọ tó ń wọkọ̀ bọ̀. A ní kò gbowó. Òun gan-an ló ń sanwó kó tó ṣiṣẹ́. Aṣáájú tí kò ronú kan ìyẹn, tó tún ń ní ìgbà mẹ́rin kò tó, kò mọ iye tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé wá.

Ìdí kẹta ni pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ la ń di ẹrù lé. Ẹnìkan náà ni akọ̀wé, òun ni olùkọ́ àwọn ọmọdé, òun ni yóò tún iná ṣe, òun ni yóò lọ ra nǹkan ìkórè. Àwọn ọgọ́rùn-ún yòókù jókòó, wọ́n ń wò ó. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, a ó ní ó ti yí padà.

BÍ A ṢE Ń PÈ WỌ́N

Ọ̀nà tí a fi ń wá òṣìṣẹ́ nínú ìjọ kò yàtọ̀ sí igbe olójà. A dúró níwájú, a kéde pé, "Ẹnikẹ́ni tí Ọlọ́run bá fi sí lọ́kàn, kó wá fi orúkọ sílẹ̀." Ẹni tí a pè lẹ́nìkẹ́ni, ẹnikẹ́ni náà ni yóò máa wò. Kálukú yóò rò pé ẹlòmíràn là ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí Nehemáyà ṣe ṣe é nínú Bíbélì. Agbọ́tí ọba Páṣíà ni. Ó gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọba, ó sì lọ. Nígbà tó dé ibẹ̀, kò pe ìpàdé lọ́jọ́ kìíní. Ọjọ́ mẹ́ta ló kọ́kọ́ lò. Ó wá dìde lóru pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀, ó yí odi náà ká, ó fojú ara rẹ̀ rí ibi tó wó àti ibi tí iná jó. Ìgbà tó mọ iṣẹ́ náà tán ló tó pe àwọn ènìyàn. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: má pe ènìyàn sí iṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ kò tíì wò. Bí ẹni tí o pè bá bi ọ́ pé, "Kí ni n ó máa ṣe? Wákàtí mélòó ni? Ìgbà wo ni yóò parí?" tí o sì ń wòkè, ó ti mọ̀ pé o fẹ́ kó sínú kòtò ni.

Ẹ̀kọ́ kejì wà ní orí kẹta ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò ó nígbà tí wọ́n bá ń kà á, nítorí orúkọ ló kún inú rẹ̀. Ẹ má fò ó mọ́ o. Ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ ni! Alágbẹ̀dẹ wúrà wà níbẹ̀, àwọn tó ń po òróró olóòórùn dídùn wà níbẹ̀, oníṣòwò wà níbẹ̀, ọkùnrin kan sì wà tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin jọ mọ odi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, apá tó kọjú sí ilé tiwọn ni wọ́n tún ṣe. Ẹ ò rí ọgbọ́n yẹn? Ẹni tó ń mọ odi tó wà níwájú ilé ara rẹ̀ kò ní fi yẹpẹ ṣe é. Ó mọ̀ pé bí ọ̀tá bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹnu ọ̀nà òun ni yóò kọ́kọ́ kàn.

Nítorí náà, bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní orúkọ rẹ̀, lójú ara rẹ̀, lórí ohun tó kàn án. Lọ bá ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú kíláàsì àwọn ọmọdé, sọ fún un pé, "Ìyá Bọ́lá, mo rí i bí ẹ ṣe ń fi sùúrù bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí méje kò ní olùkọ́. Wákàtí kan ni lọ́jọ́ Àìkú, fún oṣù mẹ́fà. Ẹnìkejì yóò wà pẹ̀lú yín, ìwé wà, a ó kọ́ yín bí a ti ń lò ó. Ẹ lọ rò ó, n ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó mọ ìdí tí a fi pe òun, ó mọ iṣẹ́, ó mọ ọjọ́ tí yóò parí. Bó bá ní òun kò lè ṣe é, má bínú. Ẹni tó lè sọ pé "rárá" láìbẹ̀rù, bó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni", gbà á gbọ́.

Ẹ má sì fojú kéré ẹnikẹ́ni nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì ló ń wà. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni orúkọ rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ nítorí ìpè tó gbọ́, nígbà tó sì di 1930, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń wọ́ lọ sí Òkè Ooye ní Iléṣà láti gbọ́ ìwàásù rẹ̀. Ta ni ì bá fojú ọmọ-ìwé wo awakọ̀ ẹ̀rọ títì kó ní àǹfààní wà lára rẹ̀? Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ mẹ́fà, kí ló dé tí a fi ń sanwó fún ará ìta kó wá tún jẹnẹrétọ̀ ìjọ ṣe, nígbà tí a kò bi tiwa rí? Awakọ̀ tó mọ gbogbo òpópó ìlú, ṣé kò lè jẹ́ ẹni tí yóò máa gbé àwọn arúgbó wá sí ìsìn lẹ́ẹ̀kan lóṣù? Kọ́kọ́ mọ ohun tí ọwọ́ kálukú lè ṣe, kí o tó ní kò sí òṣìṣẹ́.

BÍ A ṢE Ń DÁ WỌN DÚRÓ

Pípè kò ṣòro tó dídá dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1742. Àwọn ènìyàn John Wesley, tí a wá mọ̀ sí Mẹ́tọ́díìsì, jẹ gbèsè lórí ilé ìpàdé tí wọ́n kọ́. Wọ́n jókòó láti rò ó. Ẹnìkan tó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi rí, Foy ni wọ́n ń pè é, dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa san pẹ́nì kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan ní tálákà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọn kò ní lè san án. Ọ̀gbẹ́ni Foy ní kí wọ́n fi mọ́kànlá nínú àwọn tó tòṣì jù síkàáwọ́ òun. Òun yóò máa lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ní yóò san, ẹni tí kò bá ní, òun yóò san tirẹ̀ mọ́ tòun.

Báyìí ni wọ́n ṣe pín àwọn ènìyàn sí méjìlá méjìlá, wọ́n sì fi olórí kọ̀ọ̀kan sí i. Ẹ̀yin ará Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà, ibi tí olórí kíláàsì àti owó kíláàsì yín ti ṣẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Bí àwọn olórí wọ̀nyí ti ń lọ láti ilé dé ilé nítorí pẹ́nì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tí ìjà wà nílé rẹ̀, ẹni tó ti padà sídìí ọtí. Wesley fúnra rẹ̀ rí i pé ìbẹ̀wò náà ṣe pàtàkì ju owó tó bí i lọ. Gbèsè ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìtọ́jú ènìyàn ló wá gbé e ró.

Ẹ mú un wá sílé. Aṣáájú kan kò lè mọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ó lè mọ mẹ́wàá tàbí méjìlá. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá ní ogójì ènìyàn, ẹ pín wọn, kí ẹnìkan máa mójú tó mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹni tó ń mójú tó o dé ilé rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀kẹta tó pé. Kì í ṣe láti lọ gba owó ìtanràn o. Láti béèrè pé, "Ṣé kò sí?" Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà tí lẹ́tà mẹ́wàá kò lè dá padà.

Iṣẹ́ òru náà ń kọ́? Iṣẹ́ òru kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń yí iṣẹ́ láti àárọ̀ sí ọ̀sán sí òru, fi ẹnìkejì tì í lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ. Ẹni méjì méjì lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mú ìwé àyípadà iṣẹ́ wọn wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí wọ́n pín ọjọ́ láàrin ara wọn. Ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn pàápàá kì í lọ pẹ̀lú táyà mẹ́rin nìkan. Ó ní èyí tó gbé sẹ́yìn.

KÍ A GBỌ́ ẸJỌ́ WỌN

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ Nehemáyà, nítorí ibi tí n ó mú báyìí, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gan-an ni. Nígbà tí iṣẹ́ odi náà ń lọ lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ figbe ta. Ìyàn mú. Àwọn kan ti fi oko àti ilé wọn dógò kí wọ́n tó rí oúnjẹ. Àwọn mìíràn yá owó láti fi san owó òde ọba, àwọn ọmọ wọn sì ti ń di ẹrú. Ta ni wọ́n jẹ lówó? Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ wọn tí wọ́n jọ ń pe ara wọn ní arákùnrin.

Bó bá jẹ́ aṣáájú mìíràn, yóò ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí a parí odi, iṣẹ́ Ọlọ́run ni." Nehemáyà kò sọ bẹ́ẹ̀. Inú bí i, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ rò ó jinlẹ̀. Ó pe àwọn ọlọ́lá náà, ó bá wọn wí níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní kí wọ́n dá oko, ọgbà àti ilé padà pẹ̀lú èlé tí wọ́n gbà. Wọ́n gbà, ó sì mú wọn búra. Òun fúnra rẹ̀, fún ọdún 12 tó fi jẹ́ gómìnà, kò jẹ oúnjẹ tó tọ́ sí gómìnà, nítorí ẹrù ti wúwo lórí àwọn ènìyàn. Odi náà parí láàrin ọjọ́ 52.

Ẹ̀yin aṣáájú, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ń fi tinútinú ṣiṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti ráhùn. Ẹni tó ń ráhùn ṣì ń bá ọ ṣe. Ẹni tó dákẹ́ ló ti di ẹrù rẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ìpàdé fún ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, bí a ti ń fi àyè sílẹ̀ níbí. Kí a má sì ní ẹni tó bá béèrè ìṣirò owó ìkórè ń bá Ọlọ́run jà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ta nǹkan, tí wọ́n dá owó, tí wọ́n wọkọ̀ kiri nítorí ìkórè, ẹ lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ògiri. Òṣìṣẹ́ tó mọ ibi tí òógùn rẹ̀ lọ yóò tún là á lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ dúpẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Mo sọ pé ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ ni orí kẹta ìwé Nehemáyà. Bá a ti kọ orúkọ àwọn ará Tékóà tó ṣiṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ la kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọlọ́lá wọn kọ̀ láti fi ọrùn sábẹ́ iṣẹ́ náà. Àwọn mẹ̀kúnnù Tékóà wá tún apá kejì ṣe kún ti wọn. Kíkọ orúkọ kò náni ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ìkórè, a máa ń ka orúkọ àwọn tó dáwó ńlá. Ó dára. Kí a ka orúkọ àwọn tó se oúnjẹ, tó gbá ilẹ̀, tó kó àga náà.

KÍ A KỌ́ WỌN, KÍ A SÌ FI IṢẸ́ LÉ WỌN LỌ́WỌ́

Kò sí ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń fún ọmọ iṣẹ́ ní ẹ́ńjìnnì kó dá tú u lọ́jọ́ kìíní. Yóò kọ́kọ́ mú sípánà dání fún ọ̀gá, yóò máa wò, yóò tú táyà, lẹ́yìn náà yóò tú ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀gá, títí di ọjọ́ ìyọ̀nda. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ, a máa ń gbé ènìyàn jù sínú iṣẹ́ láìkọ́ ọ; bó bá ṣì í, a ó pariwo. Tàbí kẹ̀, a ó kọ́ ọ ní ọdún mẹ́wàá láìyọ̀nda rẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ ni títí irun rẹ̀ fi funfun, nítorí ọ̀gá kò fẹ́ kúrò lórí àga dẹ́rẹ́bà.

Mósè pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ló ń jókòó dá ẹjọ́, tí gbogbo ènìyàn tò síwájú rẹ̀. Jẹ́tírò, bàbá ìyàwó rẹ̀, wá kí i, ó wo ohun tó ń ṣe, ó sì sọ òótọ́ fún un pé yóò pa ara rẹ̀, yóò sì dá àwọn ènìyàn náà lágara. Ó ní kó yan àwọn tó tó tán, tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó jẹ́ olóòótọ́, tó kórìíra ojúkòkòrò, kó fi wọ́n ṣe olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta, olórí mẹ́wàá. Ẹjọ́ ńlá nìkan ni kí wọ́n máa gbé wá fún un. Mósè gbọ́ràn. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Aṣáájú tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lọ́jọ́ tí kò wá kò tíì ṣe aṣáájú. Ó kàn ń dá ṣiṣẹ́ ni.

OHUN TÓ KÀN ẸGBẸ́ WA

Mo sọ pé n ó fi hàn yín bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní abúlé kan tí ń jẹ́ Tolpuddle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn lébìrà oko rí i pé owó iṣẹ́ wọn ń dínkù. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1834, wọ́n mú mẹ́fà nínú wọn, wọ́n ní wọ́n búra ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì dá wọn lẹ́jọ́ ọdún méje ní ìgbèkùn ní Ọsirélíà. Àwọn òṣìṣẹ́ kún ìgboro Lọ́ńdọ̀nù nítorí wọn, ìjọba sì dárí jì wọ́n ní 1836. Ta ni aṣáájú àwọn mẹ́fà náà? George Loveless, lébìrà oko, tó sì tún jẹ́ oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tí kò gba owó. Kó tó dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́, ó ti ń dúró níwájú ìjọ. Ó ti mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn tí a kò sanwó fún sọ̀rọ̀ tí yóò fi tẹ̀lé ni.

Àwọn olóyè ẹ̀ka wa tó jókòó síwájú yìí, ta ló ń sanwó fún wọn? Aṣojú òṣìṣẹ́ tó ń fi àkókò ìsinmi rẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ yín, kí ló ń gbà? Òṣìṣẹ́ àtinúwá ni òun náà. Bí a kò bá mọ bí a ti ń pè wọ́n, bí a ti ń tọ́jú wọn, bí a ti ń fi ẹlòmíràn kún wọn, bí ìjọ ṣe ń ṣófo ni ẹ̀ka yóò ṣe ṣófo. Inú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yóò dùn lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, mo ní iṣẹ́ kan fún gbogbo ẹni tó bá ń ṣe olórí ohunkóhun nínú wa, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ akọrin, ìbáà ṣe asalátù, ìbáà ṣe ẹ̀ka yìí. Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, ẹ ronú kan ẹnìkan tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. Ẹ má kà á lẹ́sẹ̀. Ẹ bi í pé, "Kí ni a ṣe?" Kí ẹ sì jókòó, kí ẹ gbọ́ ọ dé òpin, láìjà, láìwí àwíjàre. Ẹlòmíràn lè máà padà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ ó ṣe dá àwọn tó kù dúró.

Ẹni tí a kò sanwó fún, ìwà aṣáájú rẹ̀ ni owó oṣù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa san án déédéé.

 Ìṣọ̀kan ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o.